Aṣọ Tí Kò Fẹ́ Abẹ́rẹ́

Àwọn tó ń wá ṣeré lórí omi ní etíkun yìí kì í yé béèrè ìbéèrè kan náà. Wọ́n á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Bàbá Alábẹ́rẹ́, iyanrìn á ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n á ní, "Bàbá, àwọn káìtì tuntun tó wọ́n bí ojú yìí, ṣé wọ́n tó owó wọn?" Nígbà kan rí, ìbéèrè yìí ni oúnjẹ ẹnu rẹ̀. Ó lè fi gbogbo àárọ̀ dáhùn rẹ̀ kí ó má rẹ̀ ẹ́. Nísinsin yìí, á kàn tẹjú mọ́ máṣíìnì rẹ̀ ni, á ní kí wọ́n lọ bi àwọn tó ń tà á.

Ẹni tí kò bá gbé nítòsí òkun lè má mọ káìtì tí à ń wí. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọdé ń fi bébà ṣe. Aṣọ ńlá ni, ó fẹ̀ ju òrùlé yàrá kékeré lọ, ó sì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ló wà létí rẹ̀ tó ń mú un dúró gbọn-in. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló so ó mọ́ ìbàdí ẹni tó dúró sórí pátákó lójú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé aṣọ náà, yóò máa wọ́ onítọ̀hún lọ, yóò sì máa gbé e fò sókè bí ẹni pé omi ń lé e. Eré ni fún ẹni tó lówó. Fún Bàbá Alábẹ́rẹ́ àti ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ ni.

Ìgbòkun ọkọ̀ àwọn apẹja ni Bàbá Alábẹ́rẹ́ kọ́kọ́ ń rán, gẹ́gẹ́ bí bàbá tirẹ̀ ti ṣe. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì dé. Ìgbòkun di ohun tí wọ́n fi ń bo igi ìdáná lọ́wọ́ òjò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀ ọ́n rán jù létíkun sì jókòó, ó ń rán àpò ìyẹ̀fun. Àpò ìyẹ̀fun ló ń rán nígbà tó fẹ́yàwó, òun náà ló ń rán nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ìgbà náà ni òun tó mọ̀ pé ọkùnrin lè jókòó sílé lójoojúmọ́ kí ó má sì sí nílé. Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé káìtì wá, tí èyí àkọ́kọ́ sì ya mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sáré jáde bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè láti ojú ọ̀run.

Yàrá kan péré ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí. Pákó dídán ló tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ bàtà débẹ̀. Nítorí pé aṣọ ńlá gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó má baà fa ara rẹ̀, kò gbé máṣíìnì sórí tábìlì bí àwọn télọ̀ yòókù. Ó gé pákó àárín ilẹ̀, ó gbẹ́ kòtò, ó gbé máṣíìnì sínú rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba, òun náà sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó tì í. Bí èèyàn bá wọlé, orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ni yóò rí láàárín aṣọ, bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Ọlọ́kọ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń yọ àwọn tó bá ṣubú lójú omi, kì í wọlé kó má fi kòtò yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló ní kí o wọ sàréè kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè ọ́?"

"Mò ń wọ̀n ọ́n wò ni. Ó gba èèyàn méjì, bí o bá fẹ́ bọ́ sí i."

"Rárá o! Èmi, omi ni yóò gbé mi. Mi ò lè sùn síbi tí abẹ́rẹ́ yóò ti máa gún mi nídìí títí ayérayé."

Ohun tó sọ Alábẹ́rẹ́ di Alábẹ́rẹ́ ni bí ojú òwú rẹ̀ ti sún mọ́ra tó. Èèrà kò lè rí àyè fi ẹsẹ̀ sí láàárín wọn. Àwọn télọ̀ mìíràn á fo díẹ̀ kí wọ́n tó tún gún un. Òun kì í fò. Ó máa ń sọ fún ẹni tó bá ní sùúrù láti gbọ́ pé, "Ihò tó bá jìnnà síra, afẹ́fẹ́ á fi ìka bọ̀ ọ́. Ihò tó bá sún mọ́ra, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á kú sí." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìfọ́nnu. Káìtì tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá tún ya, ibòmíràn ni yóò ti ya.

Orí irú káìtì bẹ́ẹ̀ ni àkọ́bí rẹ̀ ti kọ́ eré náà. Ẹyẹ ni gbogbo etíkun ń pè é. Àwọn tí ọlọ́rọ̀ ti jù nù ni bàbá rẹ̀ ń tò pọ̀ fún un, pupa lára aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé lára funfun, títí àránpọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju aṣọ lọ. Àwọn àlejò a máa rẹ́rìn-ín bó bá gbé e jáde. Bó bá ti fò, ẹnu wọn á pa. Nígbà tó dàgbà, ilé-ìtura etíkun gbà á síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ olówó. Ó ń kọ́ wọn lójúmọmọ, ó sì ń fò fún ara rẹ̀ bí wọ́n bá ti lọ jẹun.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá. Kóòṣì kan wà tó máa ń rìn láti etíkun dé etíkun, tó ń mú ẹyọ ẹnì kan níbi tó bá dé, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa gbé onítọ̀hún káàkiri ayé láti díje. Ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, kì í wò ó. Ọgbọ̀n ọdún Ẹyẹ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde pé kóòṣì náà ń bọ̀. Bí kò bá mú un lẹ́ẹ̀kan yìí, kò ní mú un mọ́ láé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹyẹ gbé àpò kan wọlé, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀. Àpò náà fúyẹ́ débi pé ìyá fi ẹsẹ̀ kàn án, ó yí.

"Kí ló wà nínú eléyìí?"

"Káìtì tuntun ni, Màámi. Irú èyí tí àwọn tó ń gba ife ẹ̀yẹ ń lò."

Ìyá wò ó títí. "Alùpùpù rẹ ńkọ́? Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó o ń bọ̀."

"Mo ti tà á."

"Àwọn káìtì rẹ ńkọ́?"

"Mo ti ta àwọn náà, Màámi. Owó alùpùpù kò tó, ni mo fi tà wọ́n."

Bàbá gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ti alùpùpù kò dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn káìtì méjì yẹn, kò sí igun kan lára wọn tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.

Ọlọ́kọ̀, tó ti jókòó sídìí tíì ṣáájú onílé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Aṣọ tó wọ́n tó alùpùpù àti ẹrù rẹ̀! Kò ní táyà, kò ní fèrè. Bó bá tiẹ̀ lè pọn omi, à bá ní ó tó owó rẹ̀."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Bàbá Ọlọ́kọ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Àáké wo? Èyí tó ń pariwo bí ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fa etí aṣọ náà jáde nínú àpò, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra á. "Kí ló yàtọ̀ nínú rẹ̀? Aṣọ ni aṣọ ń jẹ́."

Ẹyẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá mi, aṣọ àtijọ́ ń fà bí rọ́bà ṣòkòtò tó ti gbó. Bí afẹ́fẹ́ ńlá bá dé, yóò kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó tó gbé mi. Kó tó gbé mi, ẹlòmíràn ti fò, ó ti balẹ̀. Èyí kì í fà. Bí afẹ́fẹ́ bá mí pẹ́rẹ́, ó ti dé ọwọ́ mi."

"Aṣọ tí kì í fà, kò ní sùúrù nìyẹn."

"Mi ò rí àyè sùúrù mọ́, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì Ẹyẹ mú bàbá rẹ̀ lọ sórí iyanrìn. Ó gbé káìtì náà sókè, ó sì fi ọ̀pá ìdarí rẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, òun náà di ìbàdí bàbá mú láti ẹ̀yìn. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ pé arúgbó náà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Afẹ́fẹ́ kékeré tí kò lè mi ewé igi ń ti òkè lọ́hùn-ún wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò mọ irú rẹ̀ rí, láti ìgbà tó ti ń rán aṣọ afẹ́fẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún Ọlọ́kọ̀ pé, "Ó tó owó rẹ̀."

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Mi ò tíì sọ."

"Kí ló dé?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti etí dé etí. Iná àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi mú un pọ̀. Kò síbi tí abẹ́rẹ́ gbà lára rẹ̀. Ọmọ mi yóò wà lókè lọ́hùn-ún, kò ní sí nǹkan kan lára aṣọ tó gbé e tó ti ọwọ́ mi wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà. Ìwọ náà á sinmi."

"Mo ti sinmi rí," ni Bàbá Alábẹ́rẹ́ wí. "Àpò ìyẹ̀fun ni mo rán."

Ọ̀sẹ̀ tí kóòṣì yóò dé ni afẹ́fẹ́ yí padà lójijì, tó gbé káìtì náà lọ kọ́ ọgbà wáyà ilé-ìtura. Ó ya. Kò gùn ju ìka àárín lọ, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn aṣọ ló wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ń ti í jù. Bí wọ́n bá dá a padà sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kóòṣì á ti dé, á ti lọ, kó tó padà. Ẹyẹ gbé e wá bá bàbá rẹ̀. Ó mú téèpù kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpò, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ kàn nù ún kó gbẹ ni, Bàbá. Ẹ lẹ téèpù yìí mọ́ ọn nínú àti lóde, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n ní ká má fi abẹ́rẹ́ kàn án."

"Ta ni wọ́n?"

"Àwọn tó ṣe é."

"Ó dáa. Máa lọ, àwọn ọmọ tó ò ń kọ́ ń dúró dè ọ́."

Ó ṣe bó ti wí. Ó nù ún, ó jẹ́ kó gbẹ, ó lẹ̀ ẹ́ nínú àti lóde, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán. Iṣẹ́ parí kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ó jókòó sẹ́nu kòtò, ó ń wò ó. Gọ́ọ̀mù! Ohun tí wọ́n fi ń lẹ ìwé. Ọmọ rẹ̀ yóò fò ga ju ilé lọ, gọ́ọ̀mù ni yóò sì gbé ẹ̀mí rẹ̀ dání. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ìgbéraga náà sì wà níbẹ̀, a kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó wá òwú tó bá àwọ̀ aṣọ náà mu, ó sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò.

Kò tíì rán nǹkan kan rí pẹ̀lú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Ó rán an yí téèpù náà ká, ó tún rán an lọ, ó rán an bọ̀. Ojú òwú náà sún mọ́ra ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó ṣàkíyèsí ohun kan: ìró abẹ́rẹ́ yàtọ̀. Aṣọ tó mọ̀ máa ń gbé abẹ́rẹ́ mì ni. Èyí ń dáhùn tá, tá, tá, bí èékánná lórí àwo. Ó gbọ́ ọ. Ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí Ẹyẹ dé, bàbá ká aṣọ náà lé e lọ́wọ́. Ẹyẹ tú u, ó fi ìka tọ ojú òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dúró díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ láti inú kòtò bí ọmọ ilé-ìwé tó ń dúró de máàkì.

"Ó ti le báyìí, àbí?" ni bàbá wí. "Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè rí i ṣe."

"Ó ti le, Bàbá mi," ni Ẹyẹ wí. "Ẹ ṣeun. Ọwọ́ yín á máa tọ́."

Ọjọ́ tí kóòṣì dé, ìdajì ìlú ló jáde sórí iyanrìn. Ìyá Ẹyẹ mú àga wá láti ilé. Ọlọ́kọ̀ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lójú omi, ó ń juwọ́ sí wọn. Nígbà tó kan Ẹyẹ, ìfò rẹ̀ àkọ́kọ́ mú kí kóòṣì yọ awò dúdú ojú rẹ̀ kúrò. Èkejì mú un dìde. Bàbá Alábẹ́rẹ́ kò wo ọmọ rẹ̀ rárá. Àárín aṣọ náà ló ń wò, níbi tí òwú rẹ̀ wà, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ló fà á.

Nígbà náà ni ìjì kan ti ojú òkun wá. Ẹyẹ gbé ara rẹ̀ lé e, ó lọ sókè, ó lọ sókè sí i, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ títí dé orí iyanrìn, bí ìgbà tí èèyàn bá ya bébà tí wọ́n ti lu ìlà ihò sí kó lè rọrùn láti ya. Aṣọ náà là láti ojú òwú àkọ́kọ́ dé ojú òwú ìkẹyìn, ó sì là láti ibẹ̀ lọ dé etí. Ohun tó wà lókè di àkísà. Ẹyẹ já lulẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn.

Ọlọ́kọ̀ ló gbé e wá sí èbúté. Orúnkún rẹ̀ ti yí síbi tí orúnkún kì í yí sí. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀, ó gbé àkísà náà, ó na án sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú àwọn ihò náà kọjá, ó tò lọ bí ìlà.

"Ta ló ki abẹ́rẹ́ bọ èyí?" ó béèrè. Kò jágbe, ó jọ pé ó dùn ún ni. "Aṣọ yìí kì í gba abẹ́rẹ́. Ihò kọ̀ọ̀kan, ọgbẹ́ ni. Ẹni tó ṣe èyí dá ọgbẹ́ sí i títí kò fi síbi tó kù."

Bàbá Alábẹ́rẹ́ la ẹnu. Láti orí iyanrìn níbi tó dùbúlẹ̀ sí, Ẹyẹ ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí.

Kóòṣì mi orí, ó gbé àkísà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ló mú lọ.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. "Yóò rìn," ó wí.

"Ṣé yóò fò?" ni bàbá béèrè.

"Mo ní yóò rìn, Bàbá."

Nígbà tí Ẹyẹ ti wà nílé, tí ìyá rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, bàbá jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀.

"Nígbà tí o fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Pé yóò ya?"

"Mo mọ̀ pé ó lè ya. Mo ní bóyá afẹ́fẹ́ kò ní le lọ́jọ́ náà."

"Kí ló dé tí o kò bú mi? Kí ló dé tí o kò jù ú sí mi lójú?"

Ẹyẹ yí ojú sí ògiri. "Inú yín ń dùn," ó wí. "Ó pẹ́ tí mo ti rí yín bẹ́ẹ̀."

Ká ní Ẹyẹ bú u ni, bàbá ì bá rí ibì kan gbé ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹni tí wọ́n bú lè bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣàánú rẹ̀ dé irú ibẹ̀ yẹn, kí ni yóò sọ?

Ẹyẹ ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ilé-ìtura ṣì gbà á síṣẹ́, yàrá ìfọṣọ ló wà nísinsin yìí, ó ń ká táwẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń bọ̀ láti ojú omi fi ń nura. Fèrèsé yàrá náà kò kọjú sí òkun, ó sì ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í dárúkọ káìtì nínú ilé. Ọlọ́kọ̀ ṣì ń wá mu tíì, ó ṣì ń ṣe àwàdà nípa ohun gbogbo lábẹ́ ọ̀run, àfi kòtò.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ní òun ti ń tọ́jú owó láti ọjọ́ pípẹ́, kí Bàbá jọ̀ọ́ sọ òtítọ́ fún òun: ṣé àwọn tuntun yìí tó ohun tí wọ́n ń gbà lórí wọn? Bóyá nítorí pé ó bọ́ bàtà ni, Bàbá Alábẹ́rẹ́ gbé ojú sókè.

"Wọ́n tó o," ó wí. "Wọ́n tó o láìku ẹyọ kan. Mo ti di èyí kan mú rí. Rà á, bó o bá rí owó rẹ̀. Ṣé bàbá rẹ wà láàyè?"

"Ó wà, sà."

"Kí ló ń ṣe?"

"Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni."

"Ó dáa," ni Bàbá Alábẹ́rẹ́ wí, ó sì tún dorí kodò.

Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú kòtò lásìkò náà, àkísà yẹn ni. Ó ní òwú rẹ̀ ni òun ń fi bíléèdì yọ, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, bó bá ti parí iṣẹ́ oníbàárà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ẹyẹ yà láti ibi iṣẹ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó jókòó sẹ́nu kòtò, ó na ẹsẹ̀ tí kò ká náà síwájú rẹ̀. Òórùn ọṣẹ ń jáde lára rẹ̀.

"Ẹ ṣì ń tú u?"

"Ó ku díẹ̀."

Ẹyẹ na ọwọ́, ó gbé etí aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Kò sí òwú kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ ti tán. Àwọn ihò náà nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n wẹ́, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n tò lọ bẹ́ẹ̀ gbọọrọ láìsí èyí tó ṣìnà. Ó rọra dá a padà sórí orúnkún bàbá rẹ̀.

"Ẹ máa tú u lọ, Bàbá mi," ó wí. "Èmi á dúró dè yín, ká jọ máa lọ sílé."